Ṣaworo Ọkọ̀ Aláìlẹ́sẹ̀

Kí n tó jókòó sídìí tábìlì yìí, èmi àti àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Catford, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, dé ni. Aṣọ fèrèsé la lọ wò. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo; àwa, awakọ̀, àti ọkùnrin kan tó ń sùn lẹ́yìn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fara mọ́ ọn bó ti máa ń ṣe, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo jókòó sí àyè náà. Ó wò mí, ó wo gbogbo àga tó ṣófo, ó ní, "Àǹtí Rísí, gbogbo sít inú bọ́ọ̀sì yìí, orí itan mi náà lẹ tún rí jókòó sí?" Mo ní kó sún sọ́hùn-ún díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti lé ní ogójì ọdún, òun kò lè já bọ́ láti orí àga mọ́. Ohun tí mo ń ṣe kò nítumọ̀ lójú rẹ̀, n kò sì tí ì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un rí. Nígbà tí a dé Rye Lane, ó dúró ra ẹja, èmi wálé wá gbé omi tíì kaná. Kí omi náà tó hó, ẹnì kan ti ọmọlanke kọjá lójú títì, irin kan sì ń dún nínú ẹrù rẹ̀, ṣín-ín-rín, ṣín-ín-rín. Ọwọ́ mi dúró lórí ife. Nítorí ìró yẹn ni mo ṣe mú bírò.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà kò jìnnà síbí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó há sáàárín àwọn ilé mìíràn lọ́tùn-ún lósì bí ìwé láàárín ìwé. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, àgbàlá kékeré onísìmẹ́ǹtì tẹ̀lé e, ní ìparí àgbàlá náà ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, pákó ni ara rẹ̀, páànù ni orí rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi. Ní ọ̀sán wọ́n ń tún àga àti tábìlì àtijọ́ ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan lẹ́bàá Old Kent Road; tí wọ́n bá dé, tí wọ́n kírun, tí wọ́n jẹun, wọ́n á bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Mo mọ ìró ilé náà bí mo ti mọ ohùn èèyàn. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá lórí afárá, àwo á gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá mi á máa gún ata nínú odó kékeré tí wọ́n tẹ́ táwẹ̀lì sí lábẹ́, kí aládùúgbò má baà máa lu ògiri. Ìfági bàbá mi á máa lọ ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Tí ìfági bá dákẹ́ pẹ́, ìyá mi á gbé ọmọ odó dúró lókè, wọ́n á ní, "Rísí, lọ wo bàbá rẹ." Tí àbúrò mi bá ń ṣeré lókè tí a kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni wọ́n á rán. Àwọn ìyá ilé mìíràn a máa sá fún ariwo ọmọ. Ìyá tiwa, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ọdún kan, nígbà tí àbúrò mi ṣì kéré, ni ọkọ̀ kan dé fún bàbá mi láti tún ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá, aṣọ eléérú bò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ náà, ìyá mi wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un wò, wọ́n ní, "Bàbá Rísí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ tí yìnyín ti máa ń bo ọ̀nà, ẹṣin ló ń fa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀; kò nílò táyà, igi gígùn méjì tí wọ́n tẹ̀ lórí, tí wọ́n fi irin bọ̀ lábẹ́, ló fi ń yọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di ọkọ̀ aláìlẹ́sẹ̀ nínú ilé wa. Iwájú rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Ọ̀dà pupa ló wà lára rẹ̀. Bàbá mi họ pupa, dúdú yọ. Wọ́n họ dúdú, àwọ̀ aró yọ. Ọ̀kan nínú igi abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Bàbá mi gé tuntun, wọ́n tì í bọ inú páìpù gígùn, wọ́n sì ń rọ ooru omi híhó sí i láti inú kẹ́tùlù títí igi líle náà fi rọ̀, tí wọ́n fi lè tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti fẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gbá èérún igi. Bí mo ti ń gbá a, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ láìwò mí. Wọ́n ní ẹni tó ń tún nǹkan ṣe kì í ṣe ẹni tó ń dá nǹkan. "Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí o tún ṣe. Má fi tìẹ kún un." Nígbà tí wọ́n tú ìjókòó rẹ̀, irun ẹṣin ló kún inú rẹ̀, ó ti gbẹ bíi koríko. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, òórùn ẹṣin á gba àgbàlá kọjá dé ilé ìdáná. Ìyá mi á gbé imú sókè lórí ìkòkò mọ́ínmọ́ín, wọ́n á ní ẹṣin tó ti kú látayé baba ńlá àwọn ẹlẹ́ṣin, òun ló tún ń rùn bí alààyè yìí.

Ní àkókò kan náà ni Màmá, ìyá bàbá mi, ti Ìsẹ́yìn dé. Wọ́n wá nítorí àbúrò mi, Málọmọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà, àyà kì í jẹ́ kó mí dáadáa. Tí òtútù bá dé, èémí rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ pákó lórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn méjì kan wà láàárín èmi àti òun tí a kì í dárúkọ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láìsunkún, ní ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn èkejì ni àwọn òbí mi kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá mi sọ pé iṣẹ́ ló gbé wọn wá. Ní ti ìyá mi, bí mo ti ń dàgbà ni mo ń rí i pé wọ́n ti gbà lọ́kàn pé omi òkun á pa ọ̀nà rẹ́ lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Màmá sọ nípa rẹ̀ ni pé òkun ò ní ilẹ̀kùn.

Wọ́n tú ìdì aṣọ kékeré kan nínú ẹrù wọn, wọ́n mú ṣaworo idẹ kan jáde pẹ̀lú òwú dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ ìdí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: kí ìró rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá wá pè é. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, wọn kò gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ àwọn méjì yẹn ni èyí wà, Mà," ni wọ́n wí. "Ó dún títí. Wọ́n ṣì lọ." Màmá dì í padà. Bàbá mi ní Ọlọ́run ló ń fúnni, Òun náà ló ń gbà, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa lo oògùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí Málọmọ́ bá wúkọ́, gbogbo wa la máa ń dá òkèlè dúró lọ́wọ́ títí yóò fi mí padà.

Málọmọ́ fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Ìjókòó èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Kí bàbá mi tó tú ìjókòó náà, wọ́n ti fi awọ rẹ̀ hàn mí, pé ẹni tó máa ń jókòó lápá kan tóbi díẹ̀, ó ti jókòó títí awọ ibẹ̀ fi gbó. Ẹni tó máa ń jókòó lápá kejì kéré gan-an, ibi tó tẹ̀ wọnú kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹni tó ni ọkọ̀, ìyá arúgbó òyìnbó kan, wá wo iṣẹ́. Ó fọwọ́ pa apá ibi tó gbó jù, kò fọwọ́ kan apá kejì. Bàbá mi béèrè ta ló máa ń jókòó síbẹ̀. Ó ní àbúrò òun ni. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ lò. Apá tí kò fọwọ́ kàn yẹn náà ni Málọmọ́ máa ń fi sílẹ̀. Tí bàbá mi bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, á gun orí pákó ìjókòó, á fa ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Lọ́jọ́ kan mo gbálẹ̀ tán, mo ní kí n bá a jókòó. Ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà. "Àǹtí, ẹnì kan wà níbẹ̀." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tẹ́rù ń bà. Ó sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé ṣe máa ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń bọ̀.

Awọ gígùn kan bá ọkọ̀ náà wá, ti ọrùn ẹṣin, tí wọ́n rán ṣaworo idẹ mọ́ láti òkè délẹ̀. Bàbá mi tú àwọn ṣaworo náà sínú abọ́, wọ́n ní kí n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi dán. Ìdí abọ́ yẹn ni Màmá ti rí wọn. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n mì ín létí, wọ́n gbọ́ ọ pẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ ìró lórí àtẹ̀gùn. Málọmọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀, ṣaworo ọkọ̀ aláìlẹ́sẹ̀ wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òwú dúdú. Mo rò pé ìyá mi á já a. Wọ́n wò ó, wọ́n wo Màmá, wọ́n sì bu ẹ̀kọ fún ọmọ. Ṣaworo yìí kò tí ì já wọn kulẹ̀ rí.

Nígbà tí bàbá mi ń rán ṣaworo padà sára awọ, ojú kan ṣófo. Wọ́n wá a títí, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí sí ọmọ tó ń sáré lókè. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n lóṣòó níwájú Màmá. Èmi ń fọ àwo lọ́wọ́. "Ìyá mi, ẹ gbọ́," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ yìí kì í dún. Lórí yìnyín, ó lè dé ẹ̀yìn èèyàn kó má mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi so ṣaworo mọ́ ẹṣin rẹ̀ nìyẹn. Kì í lé nǹkan lọ. Ó ń sọ fún aráyé pé òun ń bọ̀ ni." "Ó dáa náà," ni Màmá wí. "A ó kúkú gbọ́."

Láti ìgbà náà ni ìró yẹn ti yí padà létí mi. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé àbúrò mi ń rìn nínú ilé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá mi, tí mo bá gbọ́ ọ, màá lọ wò ó bóyá òun nìkan ló ń rìn. Bàbá mi wé awọ náà sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n tì í sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ kí ó má baà máa dún. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí mo ń ká aṣọ lórí okùn lágbàálá, tí kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀, tí nǹkan á dún lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ ojú irin ló kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì ń sọ fún ara mi lónìí, ṣùgbọ́n mo mọ ìró ọkọ̀ ojú irin, mo sì mọ ìgbà tó máa ń kọjá.

Yìnyín já bọ́ lọ́jọ́ kan tí a kò rò ó. Wọ́n ní ká má wá sí iléèwé. Gbogbo ìró àdúgbò kú: a kò gbọ́ bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin dúró, bàbá mi wà níbi iṣẹ́, ìfági kò lọ. Ìyá mi ti ibi iṣẹ́ òru dé, wọ́n ń sùn lókè. Màmá ń kírun Àsárì. Málọmọ́ sùn sórí àga gígùn nínú pálọ̀. Èmi ń ṣan ìrẹsì nílé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ṣaworo. Kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń dún bọ̀ ní ìdọ́gba, bí ẹṣin tí kò kánjú ṣe máa ń gbẹ́sẹ̀, láti ìparí àgbàlá. Mo wo ojú fèrèsé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, yìnyín tó wà níwájú rẹ̀ funfun, kò sí ojú ẹsẹ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ìró náà dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó dúró. Mo fi ìrẹsì sílẹ̀, mo sáré lọ sí pálọ̀. Málọmọ́ wà níbi tó sùn sí. Ó ti fa ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì fi àyè sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ, ṣaworo wà níbẹ̀, kò mì. Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró, agbára káká ni àyà rẹ̀ fi ń gbéra. N kò ronú. Mo jókòó sí àyè náà, mo gbé e mọ́ra, mo sì pe ìyá mi lóhùn tí n kò mọ̀ pé mo ní.

Àwọn tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì sọ pé ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bí mo ṣe mọ̀, níwọ̀n bí ọmọ kò ti ké. Mo ní mo gbọ́ ọ ni. Òtítọ́ ni mo sọ fún un.

Ọsibítù ni Málọmọ́ ṣì wà nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé ọkọ̀ ku ọ̀la. Wọ́n ti gé òwú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ṣaworo sínú ọ̀rá fún ìyá mi, ìyá mi sì mú un wálé fún bàbá mi. Bàbá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ awọ àti okùn tí wọ́n fi ìda pa. Ojú kan náà ló kù. Màmá wọlé, wọ́n tú ìdì aṣọ wọn, wọ́n sì fi ṣaworo tó ti Ìsẹ́yìn wá sí ọwọ́ bàbá mi kejì. "Èyí tó sọ fún wa pé wọ́n ń bọ̀, fi sílẹ̀ fún wa," ni wọ́n wí. "Èyí tó jẹ́ ti àwọn méjì yẹn ni kí o rán mọ́ ọkọ̀." Bàbá mi wo ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wo ọwọ́ òsì. Wọ́n ní kì í ṣe ohun ọkọ̀ yìí. Màmá ní àwọn mọ̀. N kò mọ̀ pé ìyá mi ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi pẹ̀lú gèlè tí wọ́n fi lọ sí ọsibítù, títí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Rísí, ẹ rán an."

Bàbá mi kì í kan ìṣó tuntun kan ṣoṣo mọ́ ohun àtijọ́ láìkọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni ín. Wọ́n rán an. Mo ń wo ọwọ́ wọn; wọ́n gba ìdí ṣaworo yẹn padà, wọ́n tún un rán, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó tún padà wá fọwọ́ tì í wò.

Nígbà tí ìyá òyìnbó náà dé, ọkọ̀ náà ń dán. Àwọ̀ aró tí bàbá mi bá nísàlẹ̀ ni wọ́n dá padà sí i lára. Ó ń fa awọ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ṣaworo kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi kan èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dúró. Ó mì ín. Bàbá mi ti la ẹnu láti sọ fún un. Ó ní ohùn èyí kéré ju ti àwọn yòókù lọ, ó dún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé apá ìjókòó tí kò fọwọ́ kàn lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀, ó sì sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ aláìlẹ́sẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Bó ti ń yí kúrò ládùúgbò wa, táyà rẹ̀ gun gegele kan, gbogbo ṣaworo dún pa pọ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé kóòtù bàbá mi wọ̀ lórí ìró àti bùbá wọn, wọ́n ń juwọ́ bí ẹni tó sin ọmọ dé ibùdókọ̀, wọ́n ń sọ pé ọ̀nà á dára, wọ́n ní kí ara má ni wọ́n. Bàbá mi béèrè ta ni wọ́n ń kí. Màmá ní, "Àwọn tó rí ọkọ̀ wọ̀." Ìyá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n bú sẹ́kún. Ẹkún náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi lu ògiri, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Málọmọ́ padà wálé pẹ̀lú oògùn tuntun tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Mo mọ̀ pé oògùn náà ṣiṣẹ́, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣaworo ọkọ̀ náà wà nínú àpótí aṣọ mi títí di òní, mo fi òwú kún inú rẹ̀ kí ó má lè dún. N kò tí ì gbójúgbóyà yọ òwú náà rí. Ṣùgbọ́n ohun kan kò bá ọkọ̀ náà lọ. Lórí ẹní, nídìí oúnjẹ, níwájú tẹlifíṣọ̀n, Málọmọ́ ṣì ń fa ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tún sọ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Tí a bá bi í, á ní kò sí nǹkan kan, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Màmá rí i. Wọ́n á gbé àwo wọn, wọ́n á lọ jókòó tì í. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á fi ojú pè mí kí n wá gba ipò wọn. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, àkókò wọn tó láti padà. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gbàdúrà fún bàbá mi, wọ́n di ìyá mi mú pẹ́, wọ́n fọwọ́ pa Málọmọ́ lórí. Èmi ni wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. A kò fojú kan ara wa mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti papò dà. Wọ́n gbá àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí ibi tí Málọmọ́ jókòó sí lórí àga gígùn, tó fara mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn yẹn ti lọ, Rísí, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí a ti ń jókòó láìfi àyè sílẹ̀. Níbi yòówù tó bá jókòó sí, tètè jókòó tì í, kí ẹlòmíràn tó débẹ̀."